Omi Àwọn Ará Ìsàlẹ̀

Bí ewé sóyà bá yíjú padà ní ọ̀sán gangan, kò sẹ́ni tó ń tìtorí rẹ̀ dààmú. Oòrùn ló ń bá a wí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ bó bá yíjú padà ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tó yẹ kí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kí àgbẹ̀ rọra wá ibi jókòó sí. Ìyàwó Olómi kò jókòó. Ó dúró sí etí oko rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò gbé ewé kan, ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ tó funfun ló ti kọ sókè. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo oko náà, láti ibi tó dúró sí títí dé ìdí igi tó jẹ́ ààlà, ló ti rọ kí oòrùn tó yọ tán.

Ó já èso kan, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èèpo rẹ̀ ti gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn, ṣùgbọ́n hóró inú rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àsìkò yìí gan-an, tí sóyà bá ń ki hóró sínú èèpo, ni òùngbẹ rẹ̀ máa ń le jù. Ẹni tó bá fi omi dù ú ṣáájú ìgbà yìí lè rí àforíjì. Ẹni tó bá fi dù ú nísinsìnyí, èèpo ni yóò kórè, èèpo náà ni yóò sì gbé lọ sọ́jà bó bá rí ẹni tí yóò rà á. Lára sóyà yìí ni owó tí wọn yóò fi la ojú ìyá ọkọ rẹ̀ wà. Dókítà ti sọ̀rọ̀ tán lórí rẹ̀: awọ funfun tó bo ẹyinjú méjèèjì ṣeé ṣí, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ ju ìgbà ìkórè lọ. Nítorí náà, nígbà tó ń tẹ èèpo yẹn, bí ẹni pé ojú arúgbó náà ló wà láàárín ìka rẹ̀ ni, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Omi tó yẹ kó wọ oko yìí kì í ṣe ti òjò. Adágún ńlá kan ló ti ń wá, ó ń gba inú kòtò tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ bọ̀. Oko Elépo ló kọ́kọ́ ń kàn lókè, oko gbalasa tí ojú kì í ká. Elépo ló ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún epo lára sóyà, òun náà ló tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ tó ń pín omi. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni ti àwọn ará àárín. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló kẹ́yìn, àwọn tí oko wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju àgbàlá lọ. Kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀, ilẹ̀kùn irin sì wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tòun ti àgádágodo. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ni ọkọ obìnrin yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà ní Baba Olómi, tí wọ́n sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ìyàwó Olómi, bí ẹni pé inú àmù ni wọ́n ti fẹ́ ẹ.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọjọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń dé tó ń lọ, tí omi kò dé. Wọ́n ní adágún ti fà. Ẹni tí wọ́n bá forí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í dúró jẹ ńbẹ̀, ìyẹn la ti gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìsàlẹ̀ yìí ló fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ kòtò náà nígbà tí wọ́n ń là á, tí Elépo sì jókòó sábẹ́ agbòòrùn tó ń kà wọ́n. Ó ń dun ẹni láti sọ.

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ ni. Opó ni, ó ju ìyàwó Olómi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, oko rẹ̀ ló sì gbẹ̀yìn pátápátá: àfi bí omi bá kúrò lóko ìyàwó Olómi ni yóò tó kan tirẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ̀gbọ́n."

Aránṣọ kò dáhùn. Ẹni tí kò bá jẹ́ ìkíni ẹni, ó ti dá ẹjọ́ tán nínú ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kọjá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa etí ewé kan, ó pa òmíràn.

"Mo ń wo etí ewé rẹ," ló wí. "Tiwa ti pọ́n, ó ti jó wọnú. Tìrẹ dúdú minimini."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó lónìí. Òun náà ti rọ."

"Ó rọ lónìí. Ìgbà wo ni tiwa ti rọ? Ẹni tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ fún lálẹ́ kì í tètè rù."

"N kò jí omi ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà omi mi, ilẹ̀ ibẹ̀ ti lanu."

"Ìyàwó apẹja kì í jẹ omi ọbẹ̀ lásán, ìyàwó Olómi. N kò ní kí o búra."

Èsì wà lẹ́nu ìyàwó Olómi. Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yóò tán. Etí ewé tó ń pọ́n kì í ṣe òùngbẹ, ebi ni. Ebi ajílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pọ́táàṣì, tó pupa rúsúrúsú, tó sì dà bí iyọ̀. Ọ̀gá ètò ọ̀gbìn ti fi han gbogbo wọn rí níwájú ilé ẹgbẹ́, ó gbé ewé tó pọ́n létí sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti gbàgbé, nítorí ohun tí apá ẹni kò ká, etí kì í bá ẹni tọ́jú rẹ̀. Kò sí èyí tó lè ra pọ́táàṣì nínú wọn. Òun nìkan ló rí i fún oko rẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé odindi àpò kan wálé. Ọkọ náà ní ẹgbẹ́ ló pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, kí wọ́n má baà máa wá tọrọ. Ọ̀rọ̀ náà wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

Aránṣọ gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Sọ fún ọkọ rẹ pé à ń bọ̀ nílé yín lọ́sàn-án. Kì í ṣe ti ìjà. Ẹnu rẹ̀ la fẹ́ ti gbọ́ ọ: ṣé omi ló tán nínú adágún ni, àbí àwa la ti tán lójú rẹ̀."

Nígbà tí ìyàwó Olómi ń padà lọ sílé, ó gba etí oko Elépo kọjá. Omi dúró láàárín poro ibẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ń fi ẹsẹ̀ gígùn rìn nínú rẹ̀. Omi náà ti pọ̀ débi pé ó ti kún bo etí poro, ó ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ kan sì ń fọ bàtà nínú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà kó tó lè rékọjá. Omi tútù náà dùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú inú bí i.

* * *

Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di alẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ sì ni nǹkan kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí. Ó tẹ́ àpò kan sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, ó sá àgbàdo lé e, ó ń fọwọ́ ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ọkọ wà nídìí tábìlì, ó ń jẹ ìrẹsì àti ata díndín tí epo ń dán lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ omi wà lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn, ó ń kan etí àwo bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé oúnjẹ sẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ àgbàdo mi," ni Ìyá Àgbà wí.

Àgbàdo sísè àti iyọ̀ ni arúgbó náà ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí. Ó ní epo máa ń ru òun nínú. Epo náà, nínú kẹ́ẹ̀gì tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, Elépo ló fi ránṣẹ́ sí wọn, ọkọ sì ní ọ̀yàyà lásán ni. Ìyàwó ti ń fi dín nǹkan láìronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni kò ní gba epo ọ̀fẹ́?

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Aránṣọ àti àwọn yòókù. Wọ́n fẹ́ béèrè omi lọ́wọ́ yín."

"Adágún ti fà." Ìrẹsì ló sọ ọ́ fún, kò sọ ọ́ fún ìyàwó.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà kọjá nínú omi níwájú oko Elépo ni."

"Elépo ní ọjọ́ tirẹ̀."

"Àwa ń kọ́?"

"Ní sùúrù. Tìrẹ kò lè kú. Ṣebí ó ti jẹ pọ́táàṣì." Ó gbójú sókè wàyí, nítorí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. "O kò rántí ohun tí ọ̀gá ètò ọ̀gbìn sọ? Ó ní sóyà tó bá jẹ pọ́táàṣì yó, bí oòrùn bá mú, yóò pa ihò ara ewé rẹ̀ dé, kò ní máa fi omi ṣòfò bí àwọn tó kù. Omi díẹ̀ ló máa fi so èso púpọ̀. Ibi tí èyí tí kò jẹ ẹ́ bá ti ń mu ago méjì, ago kan ni tìrẹ yóò mu."

"Ago kan náà kò tíì kàn án."

Òótọ́ ni ọ̀gá náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdajì kejì, ìyàwó Olómi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì gbọ́ ọ dópin: inú ilẹ̀ tó tutù nìkan ni gbòǹgbò ti lè fa pọ́táàṣì mu. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ajílẹ̀ á wà níbẹ̀ bí oúnjẹ tó wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Ìdajì tó wu ọkọ rẹ̀ ló gbé lọ sílé. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n rán an, wọ́n á ní kó padà lọ gbọ́ tó kù. Àmọ́ ta ló fẹ́ rán ọkùnrin tó ni kọ́kọ́rọ́ padà?

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó ń wá ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹnu ilẹ̀kùn kan lókè.

"Jókòó," ni Ìyá Àgbà wí. Kò gbé ohùn sókè, kò sì dá ọwọ́ dúró nínú àgbàdo. "Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá rí ọ."

Ó jókòó.

* * *

Wọ́n dé lásìkò tí òjìji kò gùn mọ́. Aránṣọ ló ṣáájú, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tẹ̀ lé e, tòun ti ọwọ́ tí girisì ti wọ̀ lára, àwọn tó kù sì dúró síta lẹ́bàá ògiri níbi tí òjìji díẹ̀ wà. Wọn kò mu omi tí ìyàwó gbé wá fún wọn. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe wo ife náà, ó rẹ́rìn-ín kékeré.

"Ẹ tọ́jú u fún sóyà wa, ìyàwó. Òun ló nílò rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín níta. Ọkọ tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ adágún. Ó ní omi ti lọ sílẹ̀ kúrò lójú àmì tí wọ́n fà sára òpó, ó ní ẹnu òun kọ́ ló máa fa omi wá. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní àwọn kò ní kó fi ẹnu fà á, kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ní kó fi ṣí i. Obìnrin kan sọ láti ìta pé àwọn tí ewé wọn ń dúdú kò mọ adágún tó fà. Gbogbo wọn yíjú, wọ́n ń wo ìyàwó.

Ó bọ́ síwájú ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí wọn.

"Mo mọ̀ pé èmi lẹ ń bá wí. Kò sí ẹ̀kán omi yín kan tó wọ oko mi. Ọkọ tèmi yìí, ohun yòówù kí ó jẹ́, kì í ṣe ẹni tí yóò ta omi aládùúgbò. Bí ẹ bá rí ohun kan nínú ilé yìí tó jẹ́ ti yín, ẹ gbé e."

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwọn tó wà níta rọ ojú díẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀ ọ́n sí elékèé. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò wò ó. Ó di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tí ọrùn ń yún.

Aránṣọ ti ń dúró tipẹ́, orúnkún sì ń dùn ún. Ó fẹ́ fa àpótí kékeré tó wà nídìí àgbàdo, kó lè jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àpótí lè kọjá, ó sì rí ibi tí wọ́n ti lẹ àpò náà. Aṣọ búlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àjákù aṣọ ilé ìwé, wọ́n sì rán an lẹ́ẹ̀mejì yíká pẹ̀lú òwú pupa.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí rẹ̀. Ó fi ìka tọ ojú òwú náà láti igun kan dé igun kejì. Ẹni tó bá ń ránṣọ mọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀, bí ìyá ṣe mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ méjìlá. Òun ló máa ń lẹ àwọn àpò tó ya fún Elépo, ní ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ epo. Ọdún yìí, òwú funfun tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi pupa parí rẹ̀.

"Ìyá," ni Aránṣọ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àpò yín yìí dára o. Níbo lẹ ti rí i?"

Ìyá Àgbà yíjú sí ògiri.

"Àpò ajílẹ̀ ni. Ọmọ mi ló gbé ajílẹ̀ wálé nínú rẹ̀."

Aránṣọ tún àgbàdo náà gbá padà sórí ibi tó lẹ̀ náà, ó bò ó dáadáa. Ó dìde láìjókòó. Ó wo ìyàwó Olómi, kì í ṣe ìwò ìbínú, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ tí kò ṣeé tún rán mọ́.

"Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀," ló wí. Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ọ̀rọ̀ omi wá ń kọ́?" ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe béèrè.

"Mo ti gbọ́ èsì. Ẹ jẹ́ ká lọ."

* * *

Ìyàwó Olómi dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ó wo àpò náà. Ó ti lò ó láti ìgbà yìí wá láìwò ó. Ó kúnlẹ̀, ó kó àgbàdo náà kúrò lórí rẹ̀ sínú igbá, ó tẹ́ àpò náà sórí itan rẹ̀. Àpò Elépo. Ẹgbẹ́ kọ́ ló pín in.

"Ẹ̀yin," ló pe ọkọ rẹ̀. "Kí lẹ fún un tó fi fún wa?"

Ọkọ yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Mo ní kí lẹ fún Elépo?"

"Ọjọ́ díẹ̀ ni." Ó jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. "Ó ní àwọn ọjọ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni òun fẹ́ fi kún tòun. Ó ní bí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn wà tó lè gba kọ́kọ́rọ́. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ pọ́táàṣì ló fẹ́ fi san án, ìyẹn á dúró dè ọ́ nínú ilẹ̀. Tìrẹ á lè fara dà á. Ojú Ìyá ni mo ń rò."

"Tiwọn ń kọ́? Tiwọn kò jẹ pọ́táàṣì. Tiwọn kò mu omi."

"N kò lè gba ti gbogbo ayé rò."

"Mo dúró níwájú wọn, mo búra lórí yín."

Ẹnu ti jẹ, ojú sì ti tì. Ohun tó dun ìyàwó náà jù ni pé kò parọ́ fún wọn rárá ní òwúrọ̀ yẹn. Ó gbà pé òun kò jí omi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi wọn sídìí sóyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn, ní ìkúnwọ́ ìkúnwọ́ pọ́táàṣì, ní gbígbẹ.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Àgbà wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ọkọ̀ Elépo ló gbé e wá, mo mọ ohùn ọkọ̀ náà. Mo ní ìyẹn kò kàn mí, mo ní ojú mi ni wọ́n ń tọ́jú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, báwo la ṣe fẹ́ sùn lóru? N kò jẹ epo rẹ̀, mo rò pé ìyẹn tó." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ. "Bó bá jẹ́ omi olómi ni wọ́n fẹ́ fi la ojú yìí, ẹ jẹ́ kó ṣú."

Àgbébọ̀ kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àgbàdo tó já sílẹ̀, wọn kò sì lé e.

Ìyàwó Olómi ká àpò náà, ó fi sí abíyá. Ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ẹ fún mi."

Ó bọ́ ọ lọ́rùn. Ó dì í mú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, kò gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.

"Irin yẹn ti dípẹtà," ló wí. "O kò lè dá a yí. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n rìn lọ sókè, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn tòun ti ọkọ́ àti àpò. Lẹ́nu ilẹ̀kùn Elépo, ọkùnrin tó ń bójú tó oko náà jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó rò pé wọ́n wá kí òun ni. Nígbà tó rí i tí ilẹ̀kùn Elépo ń sọ̀ kalẹ̀, tí Baba Olómi sì kọjá sí èkejì, èyí tó ń tú omi sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀, tó fi gbogbo ara yí irin rẹ̀ títí ó fi gbéra, kò bá wọn jà. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó bá Elépo sọ̀rọ̀ ránpẹ́, ó sì padà jókòó.

"Ó ní kí n sọ fún ọ," ló wí fún Baba Olómi, "àgádágodo tuntun yóò wà níbẹ̀ lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Baba Olómi wí. Ó nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti rí i tó wo ènìyàn lójú bẹ́ẹ̀.

* * *

Oòrùn ti rọlẹ̀ kí omi tó dé ìsàlẹ̀. Kòtò tó ti gbẹ máa ń kọ́kọ́ mu tirẹ̀ ná. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ti ewé gbígbẹ àti èéfín eruku ṣáájú, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ń sáré jáde pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ń la ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè bó ṣe jẹ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé omi ìrọ̀lẹ́ kan ni, pé wọn yóò tì í pa lọ́la, pé kò lè yí gbogbo wọn ká.

Oko ìyàwó Olómi ni omi yóò kàn kó tó dé ti Aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà omi wọn, ó ń fi ọkọ́ ṣí i.

"Ẹ dúró," ni ìyàwó wí.

Ó tẹ́ àpò náà sílẹ̀, ó la ẹnu rẹ̀, ó ń wa iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Ọkọ wò ó, kò yé e. Nígbà tí àpò náà kún tó ìdajì, ó wọ́ ọ lọ sí ẹnu ọ̀nà omi oko ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ títí omi tó fẹ́ yà wọlé fi padà sínú kòtò, tó sì ń lọ sísàlẹ̀.

"Ojú Ìyá ń kọ́?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ìyá ti dá wa lóhùn lórí ìyẹn."

"Gbogbo rẹ̀ ló máa kú. Ewé yìí kò ní í dúró dọ̀túnla."

"Tiwa ti jẹun," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí tiwọn mu."

Ọkọ fi ọkọ́ lélẹ̀. Kò lọ sílé. Wọ́n jókòó sétí kòtò, àwọn méjèèjì, wọ́n ń gbọ́ ohùn omi tó ń kọjá níwájú oko wọn láìyà. Lẹ́yìn wọn, sóyà wọn dúró pẹ̀lú etí ewé tó dúdú àti èèpo tó ṣófo. Ìyàwó náà sunkún díẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ó rántí pé ojú tó ń sunkún ṣì máa ń ríran, ó sì tún rántí ojú tí kò ní í ríran mọ́, ó sì sunkún sí i.

Lápá ìsàlẹ̀, Aránṣọ la ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, omi wọlé. Ó dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, ó ń darí rẹ̀ láti poro dé poro. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, ó gun etí kòtò bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó wo àpò náà. Ibi tó lẹ̀ kọjú síta, òwú pupa rẹ̀ ti rẹ, kò sì jò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igun kejì, omi ti rí ihò, ó ń yọ́ wọnú oko ìyàwó Olómi díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó Olómi rí i, ó fẹ́ dìde. Aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ó bu ẹrẹ̀ ìkúnwọ́ kan, ó fi dí ihò náà, ó bu òmíràn lé e, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Omi náà dá. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ nínú kòtò, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó sì wo obìnrin tó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

"O kú iṣẹ́ o," ló wí.

Ìkíni àkọ́kọ́ tí ìyàwó Olómi gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ kó tó dáhùn.